Wọ́n Da Ọtí Sórí Orúkọ Yín

Bàbá mi, ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi,

Ẹ má bínú sí Yorùbá mi. Ẹ mọ̀ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé láti kékeré títí mo fi gboyè ayàwòrán ilé. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo bá ti ilé-ìwé dé tí mo sọ pé "bonjour, papa." Ẹ ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àfi tí mo bá kúnlẹ̀ tí mo kí yín bó ṣe yẹ kí ẹ tó gbójú sókè. Ọdún méjì ti kọjá tí ẹ ti lọ, kò sì sẹ́ni tó ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Màámi gan-an, Faransé ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn nínú ìsọ̀ wọn ní àdúgbò Nombakélé ní Libreville. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé sọ fún yín ní Faransé. Èdè yẹn ni wọ́n fi bà á jẹ́.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Tí mo bá gbé ṣíbí sẹ́nu, òórùn ọtí ni mo ń gbọ́ lára ọwọ́ mi. Mo ti fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á títí ìka mi fi ń ta mí. Màámi bi mí pé ṣé mo lóyún ni. Mi ò lè sọ fún wọn pé ara mi ló ń rí mi lára.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Faransé tó ń fi èso àjàrà pọn ọtí ṣáńpéènì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, láti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ. Wọ́n ń ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n kọ́ ohun kan sí àwọn ìlú mélòó kan tí wọ́n ti ń mu ọtí wọn dáadáa, ohun tí àwọn àlejò á gba inú rẹ̀ kọjá, tí wọ́n á fi mọ ìtàn ilé náà. Libreville wà lára àwọn ìlú náà. Ẹ mọ̀ pé ó máa wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ni kó ya àwòrán ti ìlú rẹ̀, ẹnì kan sì dárúkọ mi fún wọn.

Obìnrin tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Madame Odile. Arẹwà ni, ohùn rẹ̀ tutù, kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà gbogbo: patrimoine. Ogún. Ogún àwọn baba wa. Á sọ ọ́, á wá rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ jòjòló lé èèyàn lọ́wọ́.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo rántí ọkùnrin tó wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yín ní Oloumi pé kí ẹ bá òun ṣe káńtà ilé ọtí. Mo wà níbẹ̀, mo ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àpótí. Ẹ bu omi tútù fún un, ẹ jẹ́ kó mu ún tán, ẹ wá ní kó má bínú, kó lọ bá ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà ní igi lásán ni òun ní kí ẹ bá òun kàn, òun ò ní kí ẹ bá òun mu ọtí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì sìn ín dé títì. Mo rántí gbogbo rẹ̀ ketekete, ó dà bíi pé ẹ jókòó ti Madame Odile. Síbẹ̀ mo sọ fún un pé màá ṣe é.

Kí ló mú mi? Àwòrán ni, Bàbá. Ó kó àwòrán àtijọ́ wá. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ọtí yẹn sí, nínú ihò gígùn tí wọ́n gbẹ́ sínú ẹfun. Wọ́n máa ń mú pákó méjì, wọ́n á fi orí kan ara wọn bíi àgọ́, wọ́n á lu ihò tó dàgẹ̀rẹ̀ sí i lára, wọ́n á wá ki ọrùn ìgò bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa yí àwọn ìgò náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ lè wá sọ́rùn. Nínú àwòrán kan, ọkùnrin àgbàlagbà kan dúró tó dé fìlà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìgò méjì, iná kékeré ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn, Bàbá, ọwọ́ yín ni. Àtàǹpàkò tó tẹ̀ sẹ́yìn, èékánná tó ti fọ́ tí kò hù dáadáa mọ́. Ó dà bíi pé mo tún ń rí yín ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ẹ ń yí pákó igi òkúmé tí wọ́n kó wá láti èbúté Owendo, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà gbẹ ju èkejì lọ kó sì tẹ̀.

Mo wá sọ fún ara mi pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni mo fẹ́ bu ọlá fún, kì í ṣe ọtí. Mo gba ara mi gbọ́. Ó rọrùn láti gba ara ẹni gbọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá dùn.

Àwòrán tí mo yà dára. Mi ò ní parọ́ fún yín lórí ìyẹn. Ọ̀nà kan ni, ẹsẹ̀ bàtà ogójì ní gígùn, pákó òkúmé lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n fara ti ara wọn lókè. Ihò tó dàgẹ̀rẹ̀ wà lára wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìgò á wà nínú àwọn kan, oòrùn á máa gba inú àwọn yòókù wọlé. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà, òkùnkùn á kọ́kọ́ bò ó, ihò á máa pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ, títí tó máa fi jáde sí ìmọ́lẹ̀ létí òkun, nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yàn fún un.

Ta ló lè lu irú ihò bẹ́ẹ̀ ní Libreville tí gbogbo rẹ̀ á dọ́gba? Ẹnì kan ló kù. Mo gbé àwòrán náà lọ bá Bàbá Ràímì.

Àwọn ni wọ́n di ṣọ́ọ̀bù yín mú ní Oloumi, ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó lọ. Wọn ò yí nǹkan kan padà. Àga yín ṣì wà níbi tó wà, wọn kì í jókòó lé e. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi Yorùbá Kétu wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn náà á ní àwọn ará Ìsẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbóná wà lẹ́nu rẹ̀? Àwọn ló ṣì ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn sì ni wọ́n wẹ̀ yín nígbà tí ẹ kú.

Bàbá Ràímì tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n fi ìka tọ ihò kan.

"Kí ló máa wà nínú èyí?"

"Ìgò ni, Bàbá."

"Ìgò kí ni?"

Bàbá mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ní ẹnu láti sọ òtítọ́, mo sì mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ká àwòrán náà, wọ́n á bu omi tútù fún mi. Mo ní, "Omi èso àjàrà ni, láti ilẹ̀ Faransé."

Ojú wọn tàn. "Èso àjàrà! Ó dára. Ọlọ́run dárúkọ rẹ̀ nínú Àlùkùránì."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, àwọn àti ọkùnrin méjì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Bàbá Ràímì fúnra wọn lọ ṣa igi ní Owendo, wọ́n ń fi ìka kan pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fetí sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ lu ihò, wọ́n á ní Bìsìmílààhì. Ihò kan, Bìsìmílààhì kan. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń sàmì sí iye tó kù nínú ìwé mi. Mo wá ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo mú búrẹ́dì àti ẹja lọ fún wọn, a jọ ń jẹun lórí èérún igi. Mo tún ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ wà láyé, Bàbá, ìyẹn sì ń kó mi nírìíra ju ohun gbogbo lọ báyìí, pé inú mi dùn.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo wọlé, mo bá wọn tí wọ́n ń fi aṣọ bo pákó kan.

"Má wò ó," wọ́n ní. "Tìrẹ kọ́. Ti bàbá ẹ ni."

Ọjọ́ tí a to ọ̀nà náà sínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tó fi hàn mí. Pákó tó kẹ́yìn ni, èyí tó wà níbi àbájáde, tó kọjú sí òkun. Lẹ́yìn pákó náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, wọ́n ti fi irin gbẹ́ orúkọ yín sí i lédè Lárúbáwá, orúkọ yín àti orúkọ bàbá yín, àti àdúrà fún òkú, bó ṣe gùn tó. Lẹ́tà náà jinlẹ̀, ó tẹ́jú, ó mọ́.

"Iṣẹ́ tó tóbi jù tí ọwọ́ wa tíì ṣe nìyí," Bàbá Ràímì ní. "Kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ máà sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo kọ ọ́ sí. Àárín àwa àti Ọlọ́run ni."

Mo sunkún. Wọ́n rò pé ìfẹ́ yín ló ń pa mí lẹ́kún, wọ́n sì fi ọwọ́ bà mí lórí. Mo ṣì lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ìgò ò tíì dé. Ǹ bá ti kúnlẹ̀ lórí koríko yẹn kí n sọ fún wọn pé, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé pákó yìí lọ sílé. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́? Ṣé ẹ̀yin mọ̀? Láti ibi tí ẹ wà, ṣé ẹ rí inú èèyàn dé ìsàlẹ̀?

Ọjọ́ Sátidé ni ayẹyẹ náà, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mi ò pe Bàbá Ràímì. Mo sọ fún wọn pé àwọn olóṣèlú ló pọ̀ níbẹ̀, pé ẹ̀ṣọ́ ò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n kó ìgò dé. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe iná fẹ́ fa wáyà gba ìdí pákó tó kẹ́yìn, wọ́n tú u, wọ́n sì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n pe Madame Odile, òun náà sì pè mí.

Ó ń fi ọwọ́ tọ lẹ́tà náà. "Kí ni wọ́n kọ síbí?"

Mo ní, "Àdúrà ni, àti orúkọ. Káfíńtà ló kọ ọ́ fún bàbá mi tó kú. Igi yìí ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ jẹun."

Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Omi lé sí i lójú, kì í ṣe ẹ̀tàn. "Ó mà dára o," ó ní. "Ogún yín àti ogún wa lórí pákó kan ṣoṣo."

Mi ò sọ pé kí wọ́n dá a padà bó ṣe wà. Mo rò pé wọ́n á dá a padà fúnra wọn. Nígbà tí mo lọ pààrọ̀ aṣọ tí mo dé, wọ́n ti yí i. Orúkọ yín ti kọjú síta, wọ́n tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú sí i nídìí.

Àwọn àlejò dé. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wọ ọ̀nà náà, wọ́n ń pariwo inú dídùn, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo rí Madame Odile tó gba makirofóònù. Ó sọ nípa àwọn baba ńlá ilé wọn, ihò abẹ́ ilẹ̀, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ, Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́ fún un. Ó wá ní ọmọbìnrin ìlú yìí ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ jin ilé wọn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń fi ṣáńpéènì ṣe ìsàmì fún ọkọ̀ ojú omi tuntun ni wọ́n á ṣe ṣe é fún iṣẹ́ yìí. Ó mú ìgò, ó já ìdérí rẹ̀, ó sì dà á láti orí pákó náà wá sísàlẹ̀.

Ó hó yẹẹ. Ó ṣàn wọ inú lẹ́tà. Nítorí pé wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, ọtí náà kò ṣàn kọjá, ó dúró sínú orúkọ yín, ó ń tàn, ó ń hó. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi sì pàdé ara wọn. Ọkùnrin kan fi ife gba èyí tó ń kán sílẹ̀ lára pákó, ó mu ún, ó ní adùn igi wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìka nu orúkọ bàbá yín, ó lá a. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ṣì ń lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rí Bàbá Ràímì.

Bí wọ́n ṣe wọlé, mi ò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń gbé ọtí kiri ni ẹ̀ṣọ́ darí wọn gbà. Wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi ń kírun ọdún, wọ́n dé fìlà. Wọ́n fẹ́ wá rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kí àwọn èèyàn tó bà á jẹ́. Wọn ò jìnnà sí pákó náà ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ. Ọtí ti ta sí wọn láyà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ọtí kiri na aṣọ ìnuwọ́ sí wọn, ó sì fi ọwọ́ kejì na ife. Wọn ò gba ìkankan. Wọn ò wo pákó. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n yí padà, wọ́n rọra gba àárín àwọn èèyàn jáde, wọ́n gbé aṣọ wọn sókè díẹ̀ kó má baà kan ẹnikẹ́ni.

Ṣé mo sá tẹ̀ lé wọn? Rárá. Mo dúró, mo ya fọ́tò. Mo wà nínú rẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín, ó wà lórí ẹ̀rọ ayélujára báyìí. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n lọ, mo lọ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, mo bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́ tí mo lè bì.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo lọ sí Oloumi. Bàbá Ràímì ń fá igi. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò dá iṣẹ́ dúró. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí wọ́n fi fá pákó kan tán, tí wọ́n sì gbé òmíràn.

"O mọ̀ pé ọtí ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Látìbẹ̀rẹ̀?"

"Látìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n fẹ́ èérún igi kúrò lẹ́nu ìfági. "Ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ bàbá ẹ. Òun náà ni mo fi kọ ọ́." Mo rò pé wọ́n á bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú mi. "Lọ gbé pákó náà wá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti ibẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tààrà. Mo ti gbé tournevis yín sínú báàgì mi, irin ọlọ́wọ́ pupa tí ẹ fi ń yí ìṣó. Madame Odile wà nínú ọgbà, àpótí ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ koríko gbígbẹ sínú rẹ̀. Ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní ilẹ̀ Faransé ni pákó náà ń lọ. Ó ní wọ́n á gbé e sí abẹ́ iná níbi tí òjò ò ti ní pa á láé.

Mo ní, "Mo ń gbé e lọ sílé, Madame. Orúkọ bàbá mi ló wà lára rẹ̀."

Ó wò mí. Kò bínú. Ó dà bíi pé àánú mi ń ṣe é. "Ṣùgbọ́n ẹ pàtẹ́wọ́," ó ní. "Mo rí yín. Ẹ̀yin náà wà níwájú tí ẹ ń pàtẹ́wọ́."

Òótọ́ ló sọ. Mo kúnlẹ̀ nídìí pákó náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìṣó fíìsì tó dè é mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ojú mi wá sún mọ́ ọn ni mo rí i dáadáa. Ọjọ́ méjì ni oòrùn ti pa á. Ọtí náà ti gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti kan. Eṣinṣin bò ó. Èèrà ti to wọ inú lẹ́tà, wọ́n ń tọ orúkọ yín lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń padà. Mo ń fi ọwọ́ gbọ́n wọn, wọ́n ń gun apá mi. Ẹ gbà mí, Bàbá. Ó rí bí egbò.

Madame Odile pe ẹ̀ṣọ́ pé kó dá mi dúró. Ọmọ Gabon ni ẹ̀ṣọ́ náà, ọkùnrin gíga tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó bi mí ní Faransé pé kí ni wọ́n kọ sára igi yìí. Mo sọ fún un.

"Bàbá tèmi náà ti kú," ó ní. Ó gbé fìlà iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ìdí kejì pákó náà mú, a sì jọ gbé e jáde dé títì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mo lọ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà.

Takisí mẹ́ta ló dúró, tí mo dárúkọ Oloumi, tí wọ́n wo pákó, tí wọ́n sì fẹ́sẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹrin fun fèrè pé òun gbà. A so pákó mọ́ orí ọkọ̀. Awakọ̀ náà ń fi imú fín gbogbo ọ̀nà. "Madame," ó ní, "kí ló ń rùn báyìí? Ṣé ilé ọtí lẹ ti ń bọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá Ràímì tẹ́ ẹ sórí tábìlì yín. Wọn ò fi omi fọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ tábìlì ká, wọ́n mú ìfági, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Mo fẹ́ ní kí wọ́n dúró. Lẹ́tà náà ń tín-ín-rín, ó ń tín-ín-rín sí i. Orúkọ bàbá yín ló kọ́kọ́ lọ, tiyín tẹ̀ lé e. Gbogbo èérún rẹ̀ bọ́ sórí aṣọ funfun. Nígbà tó ku ojú igi lásán, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ bí òkúmé tuntun ṣe máa ń rí, wọ́n ṣa èérún náà láì ku ẹyọ kan, wọ́n dì í, a sì lọ sin ín sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ.

Wọ́n ti gbé pákó náà sáàárín àwọn pákó yòókù ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mo wá a lánàá, mi ò lè dá a mọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọtí náà ti kọ̀wé sí mi, wọ́n ní mo ti já àdéhùn, wọn ò tún ní bá mi ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti wó ọ̀nà náà, wọ́n kó àwọn pákó tó kù jọ sẹ́yìn ibi ìdáná òtẹ́ẹ̀lì. Ó yà mí lẹ́nu pé kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò mọ ibi tí nǹkan tí wọ́n dà sórí orúkọ èèyàn máa ń dé. Ṣé ó kàn yín, Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé tí ọ̀mùtí bá jókòó tì yín nínú takisí, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà wo lẹ lè sọ̀ kalẹ̀ gbà lọ́tẹ̀ yìí?

Nígbà tí a sin èérún náà tán, Bàbá Ràímì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, wọ́n ní kí èmi náà jókòó.

"Èyí tí mo kọ ti lọ," wọ́n ní. "Ó tiẹ̀ yẹ kó jẹ́ ìwọ lo máa ṣe é, kì í ṣe èmi. Ọmọ rẹ̀ ni ẹ́. Ó yá, máa wí tẹ̀ lé mi."

Wọ́n sọ ìlà kìíní, èyí tí wọ́n fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì yín. Mo wí i. Ahọ́n mi kọsẹ̀, wọ́n ní kí n tún un wí, mo tún un wí. Wọ́n sọ ìkejì, pé kó ṣàánú yín. Wọ́n sọ ìkẹta, pé kó fi ọlá gbà yín lálejò. Mo ń sọkún nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo wí i. Àkókò ìrun wá tó. Bàbá Ràímì dìde, wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò wọn.

"Parí rẹ̀ fúnra ẹ," wọ́n ní, wọ́n sì wọlé lọ pe ìrun.

Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Mi ò bi wọ́n. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ohùn wọn ń dún lórí mi, ẹnu mi là, kò sì sí ohun tó tẹ̀ lé ìlà kẹta. Wọ́n ní omi wà nínú ìlà tó wà níwájú, níbi tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó wẹ òkú mọ́. Èmi ò tíì débẹ̀.

Ìlà mẹ́ta ni mo mọ̀, Bàbá. Mo ti wí i lọ́jọ́ gbogbo láti ìgbà náà, ní ilé, nínú takisí, lẹ́nu iṣẹ́, tí mo bá sì dé òpin ìkẹta, mo máa ń dúró gbọnin. Mi ò mọ ìyókù. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe kọ ìwé yìí sí yín ní ipò rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń kọ́ ọ.